Ta Ni Yóò Bá Tálákà Rojọ́ Lẹ́nubodè? Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Ewì Àwọn Wòlíì Hébérù

Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti ń darí kíláàsì Bíbélì àwọn àgbà nínú ìjọ wa. Tá a bá ti dé ìwé Ámósì, Míkà tàbí Àìsáyà, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí, àwọn mìíràn a sì máa béèrè tomijé tomijé. Mo kó wọn jọ síbí. Ẹsẹ Bíbélì tí ẹ bá rí nínú ìdáhùn mi, èmi ni mo fi ọ̀rọ̀ ara mi sọ ọ́. Ẹ lè fi wé Bíbélì ọwọ́ yín.

Àwọn wòlíì wo là ń sọ, ìgbà wo ni wọ́n sì gbé ayé?

Mẹ́rin ló ṣáájú: Ámósì, Hósíà, Àìsáyà àti Míkà. Ọ̀rúndún kẹjọ ṣáájú ìbí Kristi ni gbogbo wọn sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó tó ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn wọn ni Jeremáyà àti Hábákúkù dé, tí Bábílónì ti ń di ẹ̀rù jẹ̀jẹ̀ fún gbogbo ayé ìgbà náà.

Ámósì ni mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ọmọ wòlíì. Ẹran ló ń dà, ó sì ń tọ́jú igi síkámórè, oríṣi ọ̀pọ̀tọ́ kan. Tékóà ni ìlú rẹ̀, nǹkan bíi kìlómítà 16 sí gúúsù Jerúsálẹ́mù. Ó fi ilé sílẹ̀, ó gòkè lọ sí Ísírẹ́lì, ìjọba àríwá, ní ìgbà ọba Jèróbóámù Kejì, nígbà tí owó wà nílùú, tí ogun sì ti rọlẹ̀. Àwọn awalẹ̀pìtàn tó wú ilẹ̀ Samáríà, olú ìlú ìjọba náà, rí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ègé eyín erin tí wọ́n fín, tí wọ́n fi ń ṣe àga àti ibùsùn lọ́ṣọ̀ọ́. Ámósì sì ti bú àwọn tó ń nà gbalaja sórí ibùsùn eyín erin, tí wọ́n ń jẹ ọ̀dọ́ àgùntàn inú agbo, tí ọ̀rọ̀ ìparun ìlú wọn kò sì dùn wọ́n. Nígbà tó débi ojúbọ ọba ní Bẹ́tẹ́lì, àlùfáà ibẹ̀, Amasáyà, lé e jáde: aríran, sá padà sí Júdà, ibẹ̀ ni kó o ti máa jẹun, ibẹ̀ ni kó o ti máa sọtẹ́lẹ̀, ilé ọba nìyí.

Ṣé ewì ni lóòótọ́? Ìwàásù ni mo rò pé ó jẹ́.

Ìwàásù ni, ewì sì ni. Ohun tá a fi ń dá a mọ̀ ni pé ìlà kan á dá, èkejì á gbè é, bí ìgbà tí ẹnì kan ń dá orin tí àwọn yòókù ń gbè é. Ìlà tó gbè é kì í ṣe àsọtúnsọ lásán, ńṣe ló máa ń ti ọ̀rọ̀ náà wọlé sí i. Robert Lowth, àlùfáà ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣe àlàyé èyí fún àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù nínú ìwé kan tó tẹ̀ jáde ní 1753. Ẹni tó bá ti gbọ́ oríkì tàbí ẹsẹ Ifá láti kékeré kò nílò ẹnikẹ́ni tí yóò sọ ọ́ fún un. Etí rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n.

Wọ́n tún máa ń fi ọ̀rọ̀ ta ọ̀rọ̀. Nínú Àìsáyà orí 5, Ọlọ́run dáko àjàrà kan, ó ro ó, ó ṣa òkúta inú rẹ̀, ó kọ́ ilé ìṣọ́ sí i, èso kíkan ló sì so. Ìlà tó pa orin náà dé sọ pé Ọlọ́run ń retí *mishpat*, *mispach* ló rí. Ó ń retí *tsedaqah*, *tse'aqah* ló gbọ́. Mishpat ni ìdájọ́ tó tọ́, mispach ni ìtàjẹ̀sílẹ̀. Tsedaqah ni òdodo, tse'aqah ni igbe ẹni tí wọ́n ń fìyà jẹ. Ìró ohùn wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹni tí kò bá fara balẹ̀ lè rò pé òdodo lòun ń gbọ́, kó sì jẹ́ igbe ni. Mo ti gbìyànjú ẹ̀ lédè wa, ibi tí mo bá a dé nìyí:

Ó ń retí àre, àrékérekè ló rí;
ó ń retí ẹ̀tọ́, ẹkún ló gbọ́.

Ta gan-an ni "aláìní" tí wọ́n ń pariwo lórí rẹ̀ yìí?

Mẹ́ta ni wọ́n máa ń tò tẹ̀lé ara wọn: opó, ọmọ aláìníbaba, àti àlejò. Kì í ṣe torí pé owó kò sí lọ́wọ́ wọn nìkan. Nílùú tó jẹ́ pé ọkùnrin onílẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ níbi tí wọ́n ti ń dá ẹjọ́, àwọn mẹ́ta yìí kò ní ẹni tí yóò sọ tẹnu wọn. Ọkọ opó ti kú. Bàbá ọmọ ti lọ. Àlejò kò ní ìdílé nílùú. Nípa ẹni kẹta yìí, *ger* ni Hébérù pè é, kì í sì ṣe àlejò tó wá kí wa tí yóò lọ lọ́la. Àtìpó ni ọ̀rọ̀ tó sún mọ́ ọn jù: ẹni tó ti ń bá wa gbé, tó ń bá wa ṣiṣẹ́, àmọ́ tí ilẹ̀ kò kàn.

Arábìnrin kan ní kíláàsì wa tí ọkọ rẹ̀ kú gbọ́ àlàyé yìí, ó sì dákẹ́ títí a fi parí. Nígbà tá a ń jáde, ó ní lọ́jọ́ tí àwọn ẹbí ọkọ òun pe ìpàdé lórí ilé tí òun àti ọkọ òun jọ kọ́, wọn kò lé òun jáde o. Àga ni wọn kò fún òun. Mi ò tíì rí àlàyé opó inú Bíbélì tó yé mi ju ìyẹn lọ.

Kí ni wọ́n ń ṣe lẹ́nubodè tó fi jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n máa ń dárúkọ ṣáá?

Kóòtù wọn nìyẹn. Ẹnubodè ìlú Hébérù kì í ṣe ilẹ̀kùn lásán. Ó jẹ́ ilé tó jinlẹ̀, tó ní yàrá ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, tí gbogbo ẹni tó ń ròde oko tàbí tó ń wọlé gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Ní Tel Dan, ní àríwá ilẹ̀ náà, wọ́n wú ẹnubodè kan tó ní ìjókòó olókùúta lára ògiri. Irú ibẹ̀ ni àwọn àgbà máa ń jókòó sí. Ibẹ̀ ni Bóásì jókòó sí tó pe ọkùnrin mẹ́wàá nínú àwọn àgbà ìlú, tó sì yanjú ọ̀rọ̀ Rúùtù lójú wọn.

Ohun tí Ámósì ń sọ nìyí nínú orí 5: wọ́n kórìíra ẹni tó bá ń báni wí lẹ́nubodè, wọ́n ń gba rìbá, wọ́n sì ń ti aláìní sẹ́yìn lẹ́nubodè. Ibi tí tálákà ti yẹ kó rí ààbò gan-an ni wọ́n ti ń jẹ ẹ́ níyà. Nínú gbogbo ewì yìí, ohun tí mo rí ni pé nígbà tí wòlíì bá sọ pé Ọlọ́run jẹ́ ààbò fún tálákà, ohun tó ń sọ ni pé Ọlọ́run ti wá jókòó sẹ́nubodè níbi tí gbogbo èèyàn ti kọ̀ láti bá tálákà rojọ́. Ẹ mú èyí lọ́wọ́, a ó padà sí i.

Kí ló dé tí wọ́n fi ta tálákà nítorí bàtà?

Ámósì 2:6: wọ́n ta olódodo nítorí fàdákà, wọ́n ta aláìní nítorí bàtà ẹsẹ̀ méjèèjì. Gbèsè ni. Ọdún tí òjò kò rọ̀ dáadáa, àgbẹ̀ á yá irúgbìn. Ọdún kejì, á yá oúnjẹ. Ọdún kẹta, olówó á ní kó mú ọmọ wá. Opó kan sunkún tọ Èlíṣà lọ torí pé olówó ń bọ̀ wá kó ọmọ rẹ̀ méjèèjì lẹ́rú. Yorùbá mọ ìwọ̀fà, ìwọ̀fà sì yàtọ̀ sí ẹrú, torí bí owó bá ti dé, ó ń lọ sílé nìyẹn. Òfin Mósè náà fi gbèdéke sí i: ọdún mẹ́fà, ní ọdún keje kó máa lọ lófẹ̀ẹ́. Ohun tó ń bí Ámósì nínú ni pé gbèsè tó kéré bí owó bàtà ti tó láti sọ ọmọ èèyàn di ọjà.

Ọ̀rọ̀ aṣọ tí wọ́n fi dúró fún gbèsè ńkọ́? Ṣé aṣọ tó ohun tí Ọlọ́run ń tìtorí ẹ̀ bínú?

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ràn jù.

Àwọn èèyàn inú Ámósì 2:8 ń nà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ lórí aṣọ tí wọ́n gbà dúró fún gbèsè. Ẹ wo ohun tí Ẹ́kísódù 22 wí: bó o bá gba aṣọ ẹnìkejì rẹ dúró, dá a padà kí oòrùn tó wọ̀, torí òun nìkan ni ìbora rẹ̀, aṣọ ara rẹ̀ ni, kí ni yóò fi sùn? Bó bá ké pè mí, màá gbọ́, torí aláàánú ni mí. Ẹ gbọ́ ìbéèrè tó wà láàárín òfin náà: kí ni yóò fi sùn? Mi ò mọ òfin ìjọba kankan tó bi olówó ní irú ìbéèrè yẹn. Aṣọ kan náà ni tálákà ń wọ̀ lọ́sàn-án, òun náà ló ń bò lóru.

Ní 1960, àwọn awalẹ̀pìtàn ń wú odi kékeré kan létí òkun nítòsí Yavneh-Yam, ní gúúsù Tel Aviv. Wọ́n rí àpáàdì kan tí wọ́n fi tàdáwà kọ̀wé Hébérù sí lára. Ìparí ọ̀rúndún keje ṣáájú ìbí Kristi ni, ìgbà Jeremáyà. Ẹ̀bẹ̀ olùkórè kan sí ìjòyè tó ń ṣàkóso ibẹ̀ ni. Kò sọ orúkọ ara rẹ̀. Ó ní òun ń kórè, òun ti parí iṣẹ́ òun, òun ti kó ọkà jọ, ni Hoshayahu ọmọ Shobay bá dé, ó gba aṣọ òun lọ. Ó ní àwọn arákùnrin òun tí àwọn jọ ń kórè nínú oòrùn yóò jẹ́rìí òun. Ó ní òun kò jẹ̀bi. Ó bẹ ìjòyè náà pé bí kò bá tilẹ̀ jẹ́ ojúṣe rẹ̀ láti gba aṣọ òun padà, kó ṣáà ṣàánú òun.

A kò mọ̀ bóyá ó rí aṣọ rẹ̀ gbà. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo àpáàdì yẹn dáadáa. Ẹlẹ́rìí ló ń pè. Àre ló ń wá. Ohun tí ewì Ámósì ń sọ ní gbogbogbòò, ọkùnrin kan sọ ọ́ lára àfọ́kù ìkòkò ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún àti díẹ̀ lẹ́yìn náà, aṣọ rẹ̀ kan ṣoṣo ló ń tìtorí rẹ̀ sọ ọ́.

Òṣùwọ̀n èké ńkọ́?

Ámósì orí 8. Ó fi ọ̀rọ̀ sẹ́nu àwọn oníṣòwò pé: ìgbà wo ni oṣù tuntun yóò kọjá ká lè ta ọkà, ìgbà wo ni Sábáàtì yóò tán ká lè ṣí àká? Wọ́n á sọ éfà di kékeré, wọ́n á sọ ṣékélì di ńlá, wọ́n á sì ta pàǹtí ọkà mọ́ ọkà. Éfà ni wọ́n fi ń wọn ọkà. Owó kọ́ìnì kò tíì sí nígbà yẹn, fàdákà ni wọ́n ń fi òkúta wọ̀n lórí òṣùwọ̀n. Òkúta ṣékélì kan tí wọ́n ń wú ní Júdà máa ń tó gíráàmù 11 àti díẹ̀. Bí òkúta olówó bá wúwo ju bó ṣe yẹ lọ, tí éfà rẹ̀ sì kéré, ẹ̀ẹ̀mejì ló rẹ́ tálákà jẹ lórí ọjà kan ṣoṣo. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ra gàárì lọ́wọ́ ẹni tó lu ìdí kóńgò rẹ̀ wọnú mọ ohun tí Ámósì ń sọ. Ohun tó máa ń dùn mí níbẹ̀ ni pé àwọn èèyàn yìí ń pa Sábáàtì mọ́. Wọ́n jókòó sínú ìsìn, wọ́n ń ka wákàtí.

Ṣé Ọlọ́run kórìíra olówó ni?

Rárá. Olówó ni Bóásì. Ẹ ka Jeremáyà 22. Ọba Jèhóíákímù ń kọ́ ààfin aláyè gbígbòòrò, ó fi igi kédárì bò ó, ó fi ọ̀dà pupa kùn ún, kò sì sanwó fún àwọn tó bá a ṣiṣẹ́. Jeremáyà wá rán an létí bàbá rẹ̀, Jòsáyà: bàbá rẹ náà jẹ, ó mu, àmọ́ ó ṣe ohun tó tọ́, ó gba ẹjọ́ tálákà àti aláìní rò, ó sì dára fún un. Lẹ́yìn náà ni Ọlọ́run béèrè pé: ṣé kì í ṣe ìyẹn ni mímọ̀ mí?

Mo ti gbọ́ ìwàásù rẹpẹtẹ lórí bí a ṣe lè mọ Ọlọ́run. Owó iṣẹ́ bíríkìlà kò sí nínú èyí tó pọ̀ jù.

Kí ló dé tí Bíbélì wa fi sọ pé kí a "ṣe ìdájọ́" aláìníbaba? Ṣé kì í ṣe ìyà ni ìdájọ́?

Màmá kan ló kọ́kọ́ bi mí léyìí, ó ní gbogbo ìgbà tí òun bá gbọ́ "ọjọ́ ìdájọ́" ni ìdí òun ń domi. Ọ̀rọ̀ Hébérù tó wà níbẹ̀, *shaphat*, kò túmọ̀ sí kí a fìyà jẹni. Ó túmọ̀ sí kí ẹnì kan wọ inú ọ̀rọ̀ tó ti wọ́, kó tò ó kó tọ́. Tí èèyàn méjì bá gbé ẹjọ́ wá sọ́dọ̀ baálé, yóò dá ẹnì kan láre, yóò sì dá ẹnì kan lẹ́bi. Méjèèjì pọ̀ ló ń jẹ́ ìdájọ́. Ẹni tí wọ́n gba ilẹ̀ rẹ̀ kì í bẹ̀rù ọjọ́ ẹjọ́. Ó ti ń ka ọjọ́ dè é ni. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nínú Sáàmù 98, nígbà tí wọ́n gbọ́ pé Olúwa ń bọ̀ wá ṣèdájọ́ ayé, odò ń pàtẹ́wọ́, òkè ń hó fún ayọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí nínú Bíbélì Yorùbá: ìnilára. Nínú ara ni wọ́n fi ìyà náà sí. Samuel Ajayi Crowther, ẹni tó kó ipa tó pọ̀ jù nínú ìtumọ̀ Bíbélì náà, mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn wúwo tó. Ọmọdé ni nígbà tí wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí dé inú ọkọ̀ àwọn Potogí, kí ọkọ̀ ogun ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó gbà wọ́n sílẹ̀ ní 1822, tí wọ́n sì sọ wọ́n kalẹ̀ sí Freetown. Odindi Bíbélì Yorùbá jáde ní 1884. Nígbà tí ẹ bá ka ibi tí wọ́n ti ń ta èèyàn nítorí fàdákà, ẹ rántí pé ẹni tí wọ́n tà rí wà nínú àwọn tó bá wa sọ ọ́ di Yorùbá.

Irú ààbò wo ni Àìsáyà 25 ń sọ?

Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ lórí èyí. Orin ìdúpẹ́ ni. Ìlú olódi kan tí wòlíì kò dárúkọ ti wó lulẹ̀, ó di òkìtì, ààfin àwọn àjèjì kò sí mọ́. Nígbà náà ni ẹsẹ 4 wá:

Ìwọ ti di odi fún tálákà,
odi fún aláìní nígbà ìpọ́njú rẹ̀,
ibi ìsádi kúrò lọ́wọ́ òjò líle,
òjìji kúrò lọ́wọ́ oòrùn;
èémí àwọn òǹrorò dà bí òjò tó ń lu ògiri.

Ẹ rí i bí ewì náà ṣe yí padà? Ìlú tó ní odi ló wó. Tálákà tí kò ní odi rárá, Ọlọ́run fúnra rẹ̀ di odi rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo pè ní odi, *ma'oz*, ibi tí ọmọ ogun ń sá sí ni.

Òjò tó ń sọ níbẹ̀ kì í ṣe òjò ìbùkún. Ní ilẹ̀ Júdà, àfonífojì tó gbẹ táútáú lè kún lójijì kó gbé ènìyàn àti ẹran lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibi tí ẹ dúró sí kò tíì kán. Oòrùn náà ń bọ̀ pẹ̀lú ẹ̀fúùfù gbígbóná láti aṣálẹ̀. Nílẹ̀ tí igi kò pọ̀, òjìji kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbádùn, òun ló ń dá ẹ̀mí sí. Ẹsẹ 5 sọ pé bí ìkùukùu ṣe ń rọ oòrùn lójú ni Ọlọ́run ṣe máa rọ orin àwọn òǹrorò lójú.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà dé nìyí. Nínú orí 32, Àìsáyà lo àwòrán kan náà, àmọ́ kì í ṣe Ọlọ́run ló fi wé e. Ó ní ọba yóò jọba nínú òdodo, àwọn ìjòyè yóò sì ṣàkóso bó ṣe tọ́, olúkúlùkù wọn yóò dà bí ibi ìsádi lọ́wọ́ ẹ̀fúùfù, bí òjìji àpáta ńlá nílẹ̀ tó ti rẹ̀. Nínú orí 16 ẹ̀wẹ̀, àwọn ará Móábù tí ogun lé kúrò nílé ló ń bẹ̀bẹ̀: ṣe òjìji rẹ bí òru ní ọ̀sán gangan, fi àwọn tí wọ́n lé jáde pamọ́, má tú ẹni tó ń sá àsálà fó. Àjèjì ni Móábù, wọn kì í tilẹ̀ ṣe ọ̀rẹ́ Ísírẹ́lì. Òjìji tí Ọlọ́run jẹ́ fún tálákà, ó ń retí kí ẹni tó lágbára náà jẹ́ ẹ fún ẹlòmíràn.

Ṣé mo lè fi àwọn ẹsẹ yìí gbàdúrà kí Ọlọ́run pa ọ̀tá mi?

Ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ń jẹ́ ọ̀tá nínú ewì náà. Kì í ṣe aládùúgbò tó wò yín níwòkuwò, kì í ṣe ìyá ọkọ. Míkà 2 sọ ọ́: àwọn tó ń gbèrò ibi lórí ibùsùn wọn, tí ilẹ̀ bá ti mọ́ wọ́n á ṣe é torí agbára wà lọ́wọ́ wọn; wọ́n ṣojú kòkòrò sí oko, wọ́n gbà á, wọ́n ṣojú kòkòrò sí ilé, wọ́n gbà á. Àìsáyà 5:8 bá àwọn tó ń so ilé mọ́ ilé, tí wọ́n ń so oko mọ́ oko wí títí àyè kò fi kù. Ìtàn Nábótì, ẹni tí ọba Áhábù ń wá oko àjàrà rẹ̀, wà lẹ́yìn gbogbo èyí. Ẹlẹ́rìí èké méjì ni Jésébélì, aya ọba, fi gba ẹ̀mí rẹ̀, ojú àwọn àgbà ìlú ni wọ́n sì ti ṣe é.

Bó bá jẹ́ ìwọ ni wọ́n gba ilẹ̀ rẹ̀, gbàdúrà náà. Ẹ̀tọ́ rẹ ni. Bó bá jẹ́ owó oṣù ọmọ ọ̀dọ̀ kan wà lọ́wọ́ rẹ, jọ̀ọ́ san án kó o tó ṣí Àìsáyà.

A ń gbààwẹ̀ o. Ṣé ìyẹn kò tó?

Àwọn èèyàn inú Àìsáyà 58 náà béèrè: a gbààwẹ̀, kí ló dé tí o kò rí i? Ìdáhùn tí wọ́n rí gbà ni pé lọ́jọ́ ààwẹ̀ yín gan-an ni ẹ ń fipá mú àwọn òṣìṣẹ́ yín. Ààwẹ̀ tí Ọlọ́run yàn ni kí ẹ tú okùn àjàgà, kí ẹ bá ẹni tí ebi ń pa pín oúnjẹ, kí ẹ mú aláìnílé wọlé, kí ẹ daṣọ bo ẹni tó wà níhòòhò. Aṣọ tún nìyẹn.

Kí ló dé tí Ọlọ́run fi ń pẹ́?

Hábákúkù béèrè ṣáájú wa. Ìlà tó fi bẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀ ni "yóò ti pẹ́ tó, Olúwa, tí èmi yóò máa ké, tí o kò ní gbọ́?" Ó ní òfin ti kú sára, ìdájọ́ kò jáde mọ́, ènìyàn búburú ti yí olódodo ká. Ọlọ́run kò bá a wí torí pé ó béèrè. Ó ní kó kọ ìran náà sára wàláà kí ẹni tó ń sáré lè kà á, torí ó ní ìgbà tirẹ̀. Bó bá pẹ́, kó dúró dè é. Nínú orí 2, òkúta yóò ké jáde láti inú ògiri ilé tí wọ́n fi èrè àìtọ́ kọ́, igi àjà yóò sì dá a lóhùn. Bí kò bá sí ènìyàn tó lè jẹ́rìí, ilé tí wọ́n fi owó rẹ̀ kọ́ ni yóò jẹ́rìí.

Mi ò ní purọ́ fún yín pé tálákà ìgbà Ámósì rí àre kíákíá. Ní nǹkan bí ọdún 722 ṣáájú ìbí Kristi, Samáríà ṣubú sọ́wọ́ Ásíríà, wọ́n sì kó àwọn èèyàn lọ. Ó dájú pé àwọn tí wọ́n ti jẹ níyà nílé wà nínú àwọn tí wọ́n kó. Èyí máa ń wúwo lọ́kàn mi. Ibì kan tí mo máa ń di mú ni Jeremáyà 39: nígbà tí Jerúsálẹ́mù ṣubú, tí wọ́n kó àwọn tó kù nílùú lọ sí Bábílónì, olórí ẹ̀ṣọ́ ọba Bábílónì fi àwọn tálákà tí kò ní nǹkan kan sílẹ̀, ó sì fún wọn ní ọgbà àjàrà àti oko lọ́jọ́ náà. Ìlà kan péré ni nínú ìwé náà, kò sì sí orin tó tẹ̀ lé e.

Ọ̀rọ̀ "kí ìdájọ́ máa ṣàn bí omi" tí Martin Luther King sọ, ṣé inú Bíbélì ló ti mú un?

Bẹ́ẹ̀ ni, Ámósì 5:24 ni. Ó fi í sínú ọ̀rọ̀ tó sọ ní Washington ní oṣù kẹjọ ọdún 1963. Ẹ ka àwọn ẹsẹ tó ṣáájú rẹ̀: Ọlọ́run ní kí wọ́n gbé ariwo orin wọn kúrò létí òun, òun kò fẹ́ gbọ́ ohùn dùùrù wọn. Odò tí Ámósì sì ń sọ ni èyí tí kì í gbẹ, nílẹ̀ tó jẹ́ pé èyí tó pọ̀ jù nínú odò wọn ló ń gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ kíkà?

Ámósì. Orí mẹ́sàn-án péré ni gbogbo rẹ̀. Ẹ kà á sókè, lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹnì kan máa ka ìlà tó dá, kí ẹlòmíràn máa ka ìlà tó gbè é. Lẹ́yìn náà kí ẹ ka Míkà.

Ǹjẹ́ ewì yìí ti gba ẹnikẹ́ni là rí?

Ó gba Jeremáyà là. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìjọba Jèhóíákímù, ó dúró ní àgbàlá tẹ́ńpìlì, ó ní ilé náà yóò dà bí Ṣílò, ibi ìjọsìn àtijọ́ tó ti di ahoro. Àwọn àlùfáà àtàwọn wòlíì dì í mú, wọ́n ní kíkú ni yóò kú. Àwọn ìjòyè gòkè wá láti ààfin, wọ́n sì jókòó sẹ́nu Ẹnubodè Tuntun láti gbọ́ ẹjọ́ náà. Ẹnubodè, ẹ rí i.

Uráyà, wòlíì mìíràn tó sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn, sá lọ sí Íjíbítì. Ọba rán èèyàn lọ mú un wá, ó sì fi idà pa á. Bíbélì kò sọ pé ẹnikẹ́ni dìde fún Uráyà.

Àmọ́ àwọn kan dìde fún Jeremáyà. Bíbélì kò dárúkọ wọn, "díẹ̀ nínú àwọn àgbà ilẹ̀ náà" ló pè wọ́n. Wọ́n ní Míkà ará Móréṣétì sọ ọ́ nígbà ọba Hesekáyà pé a ó ro Síónì bí oko, Jerúsálẹ́mù yóò sì di òkìtì àlàpà. Ṣé Hesekáyà pa á? Ó tó ọgọ́rùn-ún ọdún tí Míkà ti kéwì yẹn. Wọ́n dúró lẹ́nubodè lójú àwọn ìjòyè, wọ́n kà á láti orí, ìlà tó dá àti ìlà tó gbè é, Jeremáyà sì bá ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sílé.